Jẹ̀díjẹ̀díjẹ̀dí tàbí Awọ Tó Ń Ta: Ìperí fún Ìtọ́jú Ìdí Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ láwùjọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìmọ̀ ìlera àti atúmọ̀-èdè kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní Àbíjàn, tí èdè Faransé yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí a bá fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ nínú ìwé ìtọ́jú, kò ní yé irú ẹni bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni yóò yé òun àti ìyá rẹ̀ tó wà nílé.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣòro: a sún jẹ àti ìdí kì, a sì ṣe àpètúnpè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe sí panápaná àti gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ń jẹ ìdí. Ohun tí ń jẹ ìdí kò sì kéré! Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹni tí inú ń lọ́, ọkùnrin tí agbára rẹ̀ dín kù, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìdí rẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí kan náà ni a ń pè é. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọwọ́ wa ni ti ìlera kù sí.

Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, gbogbo ènìyàn ló ní ohun tí a lè pè ní tìmùtìmù ẹ̀jẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ìdí. Ó ń bá ìdí pa dé. Nígbà tí ó bá wú tàbí tí ó bá yọ̀ sísàlẹ̀ ni ó di àìsàn. Ìgbẹ́ líle, jíjókòó pẹ́ sí ṣáláńgá, fífi agbára yàgbẹ́ àti oyún ló sábà máa ń fà á. Ṣúgà tí àwọn àgbà ń dá lẹ́bi kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. A dá a lábàá pé kí a máa sọ jẹ̀díjẹ̀dí inú, èyí tí ń ṣẹ̀jẹ̀ láìdunni, àti jẹ̀díjẹ̀dí òde, èyí tí ń wú, tí ń yún, tí ó sì ń dunni.

Ní ti awọ ara, ẹni tó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́ lè kọ ọ́ pé awọ ń bínú. Ta ni yóò gbọ́ irú Yorùbá bẹ́ẹ̀? Awọ a máa yún, a máa ta, a sì máa bó. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kí a yan èyí tó bá yẹ. Bákan náà ni ìtura kì í ṣe ìwòsàn. Ohun tí a ń ṣe nínú ilé ń tu ara lára ni; kí ìwé má ṣe ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtọ́jú tó gbajúmọ̀ jù ni kí aláìsàn jókòó sínú omi fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, nígbà méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́, pàápàá lẹ́yìn ìgbẹ́. Níhìn-ín ni ìtumọ̀ ti lè ṣe ènìyàn léṣe. Bí a bá kọ omi gbígbóná, ẹlòmíràn yóò gbé omi tó ń hó kalẹ̀, awọ tó ti bó yóò sì jóná. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí a kọ, kí a sì fi kún un pé kí a fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó bí a ti ń wo omi ìwẹ̀ ọmọ. Kò gba iyọ̀, kò gba Dettol. Lẹ́yìn náà, kí a fi aṣọ rírọ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ, kí a má ṣe nù ún gbagbara. Òrí tàbí Vaseline díẹ̀ lè dáàbò bo awọ. Ọṣẹ olóòórùn dídùn ń mú kí ó máa ta sí i. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí a rẹ sínú ọtí, tí ń ṣu ènìyàn kíkankíkan, kì í ṣe ìtura: ìgbẹ́ gbuuru ń bó awọ ìdí ni.

A nílò ìperí fún ohun inú oúnjẹ tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀, tí àgbàlagbà nílò bí i gíráàmù 25 sí 30 rẹ̀ lóòjọ́. Àwọn obìnrin tó ń sẹ́ ògì mọ̀ ọ́n: eèrí tí wọ́n ń dà fún ewúrẹ́ kún fún un. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, òǹkàwé lè kà á sí èérí, ìdọ̀tí. Fọ́nrán oúnjẹ ló wù wá jù. Ẹ̀wà, ilá, ẹ̀fọ́ àti èso ní í, ṣùgbọ́n omi mímu gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló kù. Pupa nìkan kò tó láti fi ṣàpèjúwe ẹ̀jẹ̀. Pupa fòò sábà máa ń wá láti ẹnu ọ̀nà ìdí. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn lókè. Àti èyí pupa àti èyí dúdú, ó yẹ kí dókítà wò ó, nítorí pé àrùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà a máa ṣẹ̀jẹ̀, pàápàá bí aláìsàn bá ti lé ní ọdún 45, tàbí tí ó ń rù láìnídìí. Èyí ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ sójú pátákó kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ omi àti òrí.