Fáìlì Tó Wà Lọ́wọ́, Tí Kò Ṣeé Wò

Àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú ni fún adìyẹ. Irú àgbàdo yìí ni olóde máa ń bá pàdé nígbà tó bá gba fláàṣì lọ́wọ́ ẹ́dítọ̀, tó tì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tí tẹlifíṣọ̀n ní òun ò rí fídíò kankan. Fáìlì wà níbẹ̀ o. Orúkọ ọkọ àti ìyàwó wà lára rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n prproj ló gbẹ̀yìn orúkọ náà, tàbí drp.

Òde kì í tán ní Igbosere àti Ìsàlẹ̀ Èkó: ìgbéyàwó lónìí, ìsìnkú lọ́la. Lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2017, tí Èyò jáde fún ọdún 50 Ìpínlẹ̀ Èkó, ta ló ní fóònù tí kò yà á? Ọ̀dọ̀ ẹ́dítọ̀ ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá kó tó di ohun tí ìdílé lè jókòó wò.

Láyé káséètì, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Lẹ́yìn tí Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde ní 1992, tí Ìdúmọ̀tà di ojúkò ọjà fíìmù, oníbàárà á ra VHS, á tì í bọ rẹ́kọ́dà, àwòrán á yọ.

Fáìlì iṣẹ́ ẹ́dítọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ti Adobe Premiere Pro, ìyẹn prproj, ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni, XML tí wọ́n fún pọ̀: lọ sí fódà báyìí, mú fídíò báyìí, gé e níbí, fi orin sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ìyàwó nínú rẹ̀, kò sí onílù. Ìdí nìyẹn tó fi lè má ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ, nígbà tí fídíò tí wọ́n yà lóde náà gba ọ̀pọ̀ gígábáìtì. Ìwọ̀n yẹn ló ń tú àṣírí. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn: ẹ́dítọ̀ ń rí òde látòkè délẹ̀, torí fídíò àkọ́yà wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Nítorí náà, ìkànnì tó bá ní òun á sọ prproj nìkan di MP4, irọ́ ló ń pa. VLC ò lè ṣí i. HandBrake, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, fídíò tó ti parí ló ń yí padà, bíi MOV tó wúwo sí MP4 tó fúyẹ́. Àfi kí wọ́n ṣí iṣẹ́ náà níbi tí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n sì ṣe export, ìyẹn ni kí wọ́n yọ ọ́ jáde ní fídíò. Tó bá di dandan kó lọ sọ́dọ̀ ẹ́dítọ̀ mìíràn, Project Manager inú Premiere lè kó fáìlì àti fídíò pọ̀ sínú fódà kan. Ní DaVinci Resolve, drp kì í gbé fídíò dání. Dra ló ń gbé e. Kí ẹni tó ń gbà á wo ẹ̀dà ètò tirẹ̀ náà, torí Premiere àtijọ́ kì í ṣí iṣẹ́ tí wọ́n fi tuntun ṣe.

Fún tẹlifíṣọ̀n ilé, MP4 tí wọ́n fi H.264 ṣe, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ AAC, ni kò ní wàhálà. H.265 fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n. Wákàtí kan ní mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ gígábáìtì 3.6, tó bá di 10, ó di 4.5, fláàṣì FAT32 ò sì ní gba fáìlì kan tó tó gígábáìtì 4. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní fláàṣì òun bàjẹ́, ibí yìí ni ìṣòro wọn wà. Kí wọ́n pín fíìmù sí méjì, tàbí kí wọ́n lo exFAT bí tẹlifíṣọ̀n bá ń kà á.

Àwọn lọ́yà Igbosere, tí fídíò lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn, náà ní ìṣọ́ra tiwọn. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí 2011 ní ohun tó ń béèrè nípa kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rí ti jáde, nítorí náà, fídíò bó ṣe kúrò nínú fóònù ni kí wọ́n tọ́jú, kí wọ́n má fi èyí tí wọ́n ti gé rọ́pò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga Igbosere jóná lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹwàá 2020, ìwé ẹjọ́ sì bá a lọ; ẹ̀dà kan ṣoṣo níbì kan ṣoṣo ò tó.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí olóde wo MP4 lórí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ kó tó san owó tó kù. Fódà iṣẹ́ ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ́dítọ̀ kì í fẹ́ fi sílẹ̀, wọn ò sì jẹ̀bi: ọgbọ́n iṣẹ́ wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó dá iye, kó sì mú háàdì dráìfù tirẹ̀ dání.