Kí Ni A Jẹ Lánàá? Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Ọ́ Bó Ṣe Rí

Láti 2008 ni ìjọba ìlú ọba níbí ti ń ṣe ìwádìí oúnjẹ ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní National Diet and Nutrition Survey. Lọ́dọọdún, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ nǹkan bí 1,000 ènìyàn, àgbà àti ọmọdé, ohun tí wọ́n ń jẹ. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 4 ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Láti 2019, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń sọ ohun tí wọ́n jẹ lánàá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èèyàn kì í sọ ọ́ tán. Àwọn onímọ̀ fún àwọn kan ní omi àkànṣe mu, wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò, wọ́n sì mọ agbára tí ara wọn lò. Oúnjẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ò tó o! Ó dà bí ìwé owó tí kò bá owó inú àpótí mu.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Bí a bá lọ rí dókítà nítorí ìtọ̀ ṣúgà, tí a sọ pé "ìrẹsì díẹ̀", tí a gbójú fo èbà alẹ́, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa fún wa ò ní bá ara wa mu.

Nítorí náà:
1. Ẹ kọ ọ́ gẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá jẹun tán.
2. Ẹ sọ bó ṣe pọ̀ tó: ṣíbí epo mélòó, abọ́ mélòó.
3. Ẹ má yọ ẹran tẹ́ ẹ tọ́ wò nínú ìkòkò sílẹ̀, tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò.
4. Bẹ́ ẹ bá jọ ń jẹun nínú awo kan, kí oníkálukú bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí fọ́ọ̀mù náà bá ṣòro, ẹ mú un wá, a ó jọ kọ ọ́.