Nígbà tí Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Ojú Omi Bá Gbóná Jù

Ọkọ̀ orí ilẹ̀ tí ó bá bàjẹ́ a máa dúró jẹ́ẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn èrò inú rẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀, wọn a sì wá ibòji. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lójú omi. Bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ bá kú láàrin ọ̀sà, lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Èkó, ọkọ̀ náà kò ní dúró. Ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́ ni yóò máa tì í kiri, tèrò tẹrù, bóyá sí ojú ìjì, bóyá sí ọ̀nà ọkọ̀ mìíràn. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tí ó gbọ́n kì í fi ojú kékeré wo ooru ẹ́ńjìnì.

Oríṣi ẹ́ńjìnì méjì ni ó wọ́pọ̀. A so ọ̀kan mọ́ ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn, gbogbo ènìyàn ni ó ń rí i. Èkejì wà nínú ikùn ọkọ̀, lábẹ́ pákó tí èrò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ kàn nínú ẹ̀kọ́ yìí. Nítorí pé ó fara sin, ooru lè ti mú un pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Iná ni ẹ́ńjìnì fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò lè ṣe kí ó má gbóná. Bí a bá pín agbára inú epo tí ó ń jó sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan ni ó ń yí àjẹ̀ onírin tí ń ti ọkọ̀ síwájú. Nǹkan bí ìdá kan ń bá èéfín jáde. Ìdá tí ó kù wà lára irin, omi ni ó sì gbọ́dọ̀ gbé e kúrò.

Omi méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀. Omi kìíní wà ní àhámọ́ nínú ẹ́ńjìnì. Ó ń yí po, kì í jáde. Omi kejì ni omi ọ̀sà. Ó ń gba ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wọlé, ó ń kọjá lẹ́nu táàpù kan, ó ń gba inú asẹ́, pọ́ǹpù sì ń fà á lọ sínú àpótí tí ó kún fún páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Níbẹ̀ ni omi ọ̀sà ti ń gba ooru lọ́wọ́ omi inú, láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì dà pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ṣe ń gbé abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná ka inú omi tútù nítorí ọmọ rẹ̀: omi kò kan ẹ̀kọ, síbẹ̀ ẹ̀kọ tutù. Lẹ́yìn èyí, omi ọ̀sà yóò bọ́ sínú páìpù èéfín, yóò sì tú jáde ní ìdí ọkọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ déédéé, omi inú kì í sábà gbóná ju ìwọ̀n 90°C lọ.

Bí aago ìwọn ooru bá ń gòkè, tàbí bí agogo ìkìlọ̀ bá dún, kí awakọ̀ kọ́kọ́ dín eré kù, kí ó sì wo ìdí ọkọ̀ kíákíá: ṣé omi ń jáde pẹ̀lú èéfín? Lẹ́yìn náà kí ó yà kúrò lójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ mìíràn, kí ó sọ ìdákọ̀ró, kí ó pa ẹ́ńjìnì. Kí olúkúlùkù èrò rí i pé ẹ̀wù tí ń gbé ni léfòó wà lára òun. Ohun méjì ni kò gbọ́dọ̀ ṣe. Kò gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí omi nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì gbóná, nítorí pé omi tí ń hó yóò tú sí i lójú. Kò sì gbọ́dọ̀ bu omi tútù lu irin gbígbóná, nítorí pé irin náà lè sán.

Ohun tí ó rí ní ìdí ọkọ̀ ni yóò tọ́ ọ sọ́nà. Bí omi kò bá jáde, tàbí tí ó ń kán tó-tó-tó, ọ̀nà omi ọ̀sà ni àbùkù wà. Láti ìta ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá tí àwọn ènìyàn ń sọ sínú omi lè ti dí ẹnu ihò. Ewéko sì lè kún inú asẹ́, pàápàá ewéko olódòdó elésè àlùkò tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká omi Èkó láti ìhà Àgbádárìgì ní ọdún 1984. Kí ó ti táàpù ìsàlẹ̀ kí ó tó ṣí asẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi ọ̀sà lè wọ inú ọkọ̀. Bí asẹ́ bá mọ́, kí ó yẹ pọ́ǹpù wò. Kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó ní ewé yí ara rẹ̀ ká. Bí ó bá yí lásán láìsí omi, kò pẹ́ tí àwọn ewé náà yóò fi já. Kì í ṣe kí a pààrọ̀ rọ́bà nìkan. Kí a wá àwọn ewé tí ó já, nítorí pé inú àpótí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lọ há sí.

Ṣùgbọ́n bí omi bá ń tú jáde dáradára, omi inú ni kí a yẹ̀ wò nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Ó lè ti dín kù. Bẹ́líìtì tí ń yí pọ́ǹpù rẹ̀ lè ti já tàbí kí ó dẹ̀. Ẹnubodè kékeré tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní thermostat lè kọ̀ láti ṣí. Ẹni tí ó bá fura sí i lè yọ ọ́ sínú ìkòkò omi kí ó sì gbé e ka iná: bí omi bá hó tí kò ṣí, ó ti bàjẹ́. Bí omi inú bá ń dín kù tí a kò rí ibi tí ó ń jò, kí a wo ọ́ìlì. Bí ó bá funfun bíi tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ inú ọ́ìlì. Irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Kí a fa ọkọ̀ náà délé.

Nígbà mìíràn, omi méjèèjì a wà ní pípé, síbẹ̀ ooru kò ní lọ. Ẹrù wúwo jù fún alárù nìyẹn. Bóyá àwọ̀n tàbí okùn wé mọ́ àjẹ̀ onírin. Bóyá ìkarahun kéékèèké ti bo abẹ́ ọkọ̀. Bóyá èrò ti pọ̀ jù. Èéfín dúdú sábà máa ń jẹ́rìí sí i.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nítorí náà kí a béèrè ìtàn àìsàn náà. Ooru tí ó dé lójijì sábà máa ń wá láti ara bẹ́líìtì, ọ̀rá tàbí rọ́bà pọ́ǹpù. Èyí tí ó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù jọ ti iyọ̀ àti ìdọ̀tí tí ó ń gbára jọ nínú páìpù. Àkókò pàápàá ń sọ̀rọ̀: ní ìgbà òjò, omi odò ń pọ̀ sí i nínú ọ̀sà, ewéko a sì gbilẹ̀, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń wọlé, iyọ̀ rẹ̀ a sì pa wọ́n.

Àwọn awakọ̀ kan wà tí ń bu omi kún un tí wọ́n sì ń bá ìrìn lọ. Àwọn mìíràn ń gé wáyà agogo ìkìlọ̀ kí ariwo rẹ̀ má ba à dẹ́rù ba èrò. Ẹni tí ó ṣe èyí kò wo ẹ́ńjìnì sàn. Ẹnu ẹlẹ́rìí ni ó dí. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ́ńjìnì tí irin rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ra nítorí ooru ti kọjá ìtọ́jú ojú ọ̀nà, àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì wà láàrin omi. Bí iṣẹ́ bá sì parí, kí awakọ̀ rántí ṣí táàpù ìsàlẹ̀ padà kí ó tó tan ẹ́ńjìnì. Ẹni tí ó gbàgbé rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àìsàn náà padà.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyàtọ̀ iṣẹ́ omi inú sí iṣẹ́ omi ọ̀sà?
2. Kí ni ìtumọ̀ “ẹnu ẹlẹ́rìí ni ó dí”?
3. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kan gbóná lójijì. Omi ń tú jáde dáradára ní ìdí rẹ̀, kò sì sí èéfín dúdú. Kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí sì ni ìdí rẹ̀?