Ẹni Da Omi Síwájú: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Lọ Sinmi ní Ọ̀sà Mar Menor

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí bá ẹni tó fẹ́ lọ sinmi ní Mar Menor mu, ọ̀sà omi iyọ̀ tó wà ní ẹkùn Murcia, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Spéìn. Ọ̀sà náà tó nǹkan bí 135 kìlómítà níbùú lóòró, síbẹ̀ ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 7 lọ. La Manga, ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ju 20 kìlómítà lọ, ló wà láàárín rẹ̀ àti Òkun Mẹditaréníà. Ẹnu ọ̀nà kéékèèké ni omi òkun ń gbà wọlé. Nítorí pé omi ọ̀sà kò jìn, oòrùn tètè ń mú un gbóná. Oòrùn yìí kan náà ló ń fa omi lọ tó ń fi iyọ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí iyọ̀ ibẹ̀ fi ju ti òkun lọ.

Ìgbà tí a óò lọ ló yẹ ká kọ́kọ́ rò. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ìgbóná omi náà máa ń súnmọ́ ìwọ̀n 30 Celsius, èrò á pọ̀, owó ilé á sì gun òkè. Oṣù kẹfà tuni lára jù fún ẹni tí kò fẹ́ ariwo. Láti oṣù kẹsàn-án, òjò ńlá lè dé lójijì. Ní ti ìwé àṣẹ, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Britéènì, tó sì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, nítorí ìwé ìgbélùú Britéènì nìkan kò lè mú un wọ Spéìn. Pápákọ̀ òfurufú tó wà ní Corvera ló súnmọ́ ọ̀sà náà. Ti Alicante náà kò jìnnà púpọ̀.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá wọ̀ sí La Manga ní òkun ní ìlà-oòrùn àti ọ̀sà ní ìwọ̀-oòrùn. Ìgbì òkun lágbára, ti ọ̀sà sì rọra. Apá ọ̀sà ló dára fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń wẹ̀ tàbí bí a ṣe ń tu ọkọ̀ onígbòkun. Ojú ọ̀nà pàtàkì kan ṣoṣo ló gba La Manga já, ìdí nìyẹn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fi wọ́pọ̀ níbẹ̀ lásìkò ìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ ìlú tó fẹjú lè wọ̀ sí Los Alcázares tàbí Santiago de la Ribera ní òdìkejì.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Omi tó mọ ní orúnkún àgbà lè gbé ọmọdé mì, nítorí náà kí ojú òbí má kúrò lára ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi orí bẹ́ sínú omi tí kò jìn, kó má baà ṣẹ́ lọ́rùn. Afẹ́fẹ́ lè gbé ọmọ tó jókòó lórí róbà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí jìnnà sí etí omi. Iyọ̀ máa ń ta ojú, nítorí náà ó yẹ ká fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ara lẹ́yìn ìwẹ̀. Jẹ́lífíìṣì, ẹran omi tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, máa ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá ta ènìyàn, omi iyọ̀ ni ká fi ṣàn án. Kí a má fi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ajílẹ̀ tó ń ṣàn wá láti inú oko ní Campo de Cartagena, agbègbè tó wà nítòsí ọ̀sà náà, ń mú kí ewé omi hù ní àhùjù. Ní ọdún 2016, omi náà di àwọ̀ ewé. Ní oṣù kẹwàá 2019 àti oṣù kẹjọ 2021, ọ̀pọ̀ ẹja kú nítorí pé wọn kò rí afẹ́fẹ́ mí. Àìjìn tó dùn mọ́ àlejò ló jẹ́ kó rọrùn láti ba ọ̀sà náà jẹ́. Ní ọdún 2022, Spéìn ṣe òfin tó fún Mar Menor ní ẹ̀tọ́ bí ènìyàn, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Yúróòpù. Ẹnikẹ́ni lè gba ẹjọ́ rẹ̀ rò ní kóòtù. Ojúṣe àlejò ni láti béèrè bí omi ṣe rí lẹ́yìn òjò ńlá, láti tẹ̀ lé àsíá etíkun, láti má ju ìdákọ̀ró sórí koríko omi, láti má mú ìkarahun tàbí ẹran omi kankan lọ, àti láti kó pàǹtírí rẹ̀ kúrò.