Fífi Etí Kọ́ Èdè Ítálì

Ẹni tó bá fẹ́ sọ èdè Ítálì gbọ́dọ̀ fi etí kọ́ ọ. "Nonno" ni wọ́n ń pe bàbá àgbà. Bí a kò bá fa "n" àárín náà díẹ̀, ó di "nono", ìyẹn ìkẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ́ àti ọkọ̀ rí lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kọ́ àfetígbọ́ méjì wéra.

Ti Paul Pimsleur, ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1976, ni èkíní. Ìdajì wákàtí ni ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ohùn kan á bi wá ní ìbéèrè, á dákẹ́ kí a dáhùn, lẹ́yìn náà la ó gbọ́ ìdáhùn tó tọ́. Ọ̀rọ̀ tí a ti kọ́ á tún máa padà wá, kí a má baà gbàgbé.

Ti Michel Thomas, tó kú ní 2005, ni èkejì. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì là ń gbọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í, olùkọ́ á tún un ṣe. Ó ń fi bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ hàn wá.

Èwo ni ká mú? Ẹni tó fẹ́ kí ẹnu òun tètè yọ̀, kó mú ti Pimsleur. Ẹni tó fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀, kó mú ti Thomas.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé nínú méjèèjì. Ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó má fi owó rẹ̀ ṣòfò. Kó wá ẹni tó gbọ́ èdè Ítálì, kí wọ́n jọ máa sọ ọ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni "nonno"?
2. Nínú ẹ̀kọ́ wo ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà?
3. Ta ni kò yẹ kó ra èyíkéyìí nínú wọn?