Ta Ni Àjẹ́ Inú Ẹ́kísódù 22:18?

Ibi kíkà: Ẹ́kísódù 22:16-20, Deuterónómì 18:9-14 àti 19:15-21, 1 Sámúẹ́lì 28:3-25

Ẹsẹ kan ṣoṣo ni a fẹ́ kà dáadáa nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ẹsẹ náà ti pa èèyàn ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ lọ. Òun ni ẹsẹ kejìdínlógún nínú Ẹ́kísódù orí kejìlélógún, níbi tí Òfin Mósè ti pàṣẹ pé kí a má ṣe dá ẹ̀mí àjẹ́ sí. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Ó wà lẹ́nu àwọn aríran, ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ tí ń lé ìyá wọn jáde nílé, a sì máa ń gbọ́ ọ nínú àdúrà ìṣọ́ òru. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ti béèrè rí pé: irú èèyàn wo ni Mósè ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ṣé ìyá arúgbó tí ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé wa ni?

Èdè Hébérù ni a fi kọ ìwé Ẹ́kísódù. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ẹsẹ yìí ni mekhashefah, èyí tí í ṣe obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní keshafim. Kí ni iṣẹ́ náà? Ọfọ̀ ni, èèdì ni, oògùn ìkà ni: ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ṣe tàbí tí ó ń fi ẹnu pè. Nítorí náà ọkùnrin lè ṣe é. Nígbà tí Fáráò pe àwọn amòye rẹ̀ wá bá Mósè àti Áárónì díje ní Ẹ́kísódù 7:11, ọ̀rọ̀ kan náà ni a lò fún wọn ní ti akọ. Òun ló wà ní Deuterónómì 18:10 àti ní Málákì 3:5. Mánásè, ọba Júdà, pàápàá ṣe é (2 Kíróníkà 33:6).

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú Bíbélì Yorùbá wa àtijọ́, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ parí ní 1884. Àwọn ọkùnrin Fáráò di oṣó. Àwọn tí Málákì bá wí di oṣó. Obìnrin inú Ẹ́kísódù 22 di àjẹ́. A kò dá àwọn bàbá náà lẹ́bi. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe fún wa, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 sì wà níwájú wọn, èyí tí ó ti lo orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àjẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé àjẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí àwọn èèyàn wa gbà ni pé inú ni ó ń gbé. Ara onítọ̀hún á wà lórí ẹní, ẹ̀mí rẹ̀ á di ẹyẹ, á lọ sí ìpàdé, á mu ẹ̀jẹ̀, ojú lásán kò sì ní rí i. Ìyá lè fi fún ọmọ. Wọ́n tilẹ̀ ní èèyàn lè jẹ ẹ́ nínú oúnjẹ láìmọ̀. (Ní ìlú Kétu àti àyíká rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tu àwọn ìyá lójú, ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ ni ó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.) Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí nínú Ẹ́kísódù. Ẹni tí a ká iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ni Òfin Mósè ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí ẹnì kan lá àlá nípa rẹ̀.

Kí ló wá dé tí ẹsẹ náà fi dárúkọ obìnrin nìkan? Àwọn Júù tí wọ́n tú Òfin sí èdè Gíríìkì ní Alẹkisáńdíríà, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Olúwa, kò tilẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tiwọn, pharmakous, jẹ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì lè kan tọkùnrin tobìnrin. Òun àti ọ̀rọ̀ wọn fún oògùn àti májèlé jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Jerome tí ó tú Bíbélì sí èdè Látìnì náà kọ ọ́ ní ti akọ. Àwọn rábì Júù sọ nínú Talmud pé òfin náà kan gbogbo ènìyàn, pé obìnrin ni a dárúkọ nítorí pé àwọn ni ó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin onímọ̀ Bíbélì òde òní kì í gbé ìdáhùn yẹn mì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń béèrè pé: ta ló kà wọ́n? Òótọ́ ni pé Míríámù, Dèbórà àti Húlídà jẹ́ wòlíì, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kankan tí ó jẹ́ àlùfáà ní Ísírẹ́lì. Ọkùnrin tí ó béèrè lọ́wọ́ Úrímù wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin tí ó mọ ewé, tí ó ń gbẹ̀bí, tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú fún aláìsàn, kò ní aṣọ oyè kankan tí yóò fi bo ara rẹ̀ nígbà tí ọmọ kan bá kú sí i lọ́wọ́.

A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn tiwa náà wà nínú irú ìwádìí yìí. Ìyá wa Mercy Amba Oduyoye, ọmọ Gánà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bíi tiwa, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀, ni ó ṣáájú nínú kíkó àwọn obìnrin onímọ̀ nípa Ọlọ́run nílẹ̀ Áfíríkà jọ sí Legon ní Ákrà ní 1989, kí wọ́n lè máa ka Ìwé Mímọ́ kí wọ́n sì máa kọ̀wé nípa rẹ̀ fúnra wọn.

Ibi tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí. Ayé ìgbà náà mọ̀ pé irọ́ rọrùn láti pa nípa iṣẹ́ òkùnkùn. Ní Bábílónì, òfin Hammurabi, tí ó ti wà ní nǹkan bí 1750 ṣáájú ìbí Olúwa, fi ọ̀rọ̀ yìí sí ipò kejì nínú gbogbo òfin rẹ̀: bí ẹnì kan bá fi ẹ̀sùn oṣó kan ẹnìkejì rẹ̀ tí kò sì rí i fi múlẹ̀, ẹni tí a fi sùn yóò bọ́ sínú odò, bí odò kò bá gbé e, ẹni tí ó fi í sùn ni wọn yóò pa, ẹni tí a fi sùn yóò sì gba ilé rẹ̀. A kò fẹ́ràn ìdájọ́ odò. Òfin Mósè dára jù ú lọ. Deuterónómì 17:6 kò gba kí a pa ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ẹni náà jẹ́ ẹni mímọ́ tó. Orí 19 tún fi kún un pé ohun tí ẹlẹ́rìí èké gbèrò láti ṣe sí arákùnrin rẹ̀ ni kí a ṣe sí òun náà. Tí a bá fẹ́ mú Ẹ́kísódù 22:18 lò, a kò lè fi èyí sílẹ̀ sẹ́yìn. Níbo ni ẹlẹ́rìí méjì tí ó rí ẹyẹ náà wà?

Àwọn Kristẹni Yúróòpù fi í sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1486, àlùfáà kan ní Jámánì, Heinrich Kramer, kọ ìwé láti fi kọ́ àwọn adájọ́ bí wọn yóò ṣe máa mú àjẹ́. Ó ní inú orúkọ tí èdè Látìnì ń pe obìnrin pàápàá ni a ti rí i pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Irọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Ó tún ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara obìnrin tí kì í tán ni ó ń mú un bá èṣù da nǹkan pọ̀. Láàárín 1450 sí 1750, àwọn onítàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 40,000 sí 60,000 ènìyàn ni wọ́n pa gẹ́gẹ́ bí àjẹ́ ní Yúróòpù, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn sì jẹ́ obìnrin. Ní Salem ní Amẹ́ríkà, ní 1692, mọ́kàndínlógún ni wọ́n so kọ́. Àwọn tí ó so wọ́n kọ́ mọ ẹsẹ wa yìí lórí. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti 1584 ni Reginald Scot, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tí ń fún ènìyàn ní májèlé ni ọ̀rọ̀ Hébérù náà ń tọ́ka sí.

Ẹnì kan yóò bi wá pé, John Wesley ńkọ́? Òótọ́ ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1768 pé ẹni tí ó bá ní àjẹ́ kò sí, Bíbélì ni ó fẹ́ jù sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, Pátríákì ìjọ wa nígbà kan rí, náà kọ̀wé pé asán ni kí a máa bá ará Áfíríkà jiyàn bóyá àjẹ́ wà, nítorí pé ohun gidi ni lójú rẹ̀. A kò wá síbí láti sọ pé agbára òkùnkùn kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí Wesley ṣe fún àwọn aláìsàn: ní 1746 ó ṣí ilé oògùn ọ̀fẹ́ fún àwọn tálákà ní Lọ́ńdọ́nù àti Bristol, ní 1747 ó sì tẹ ìwé ìwòsàn kan tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ara ọmọ gbóná, oògùn ni ó wá, kò wá ìyá arúgbó kan tí yóò mú.

Nílẹ̀ wa, àwọn àgbà kan ṣì rántí ìtàn Àtíngà. Ní 1950 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà gba Dàhòmì wọ ìlú àwọn Yorùbá ìwọ̀ oòrùn, láti ìhà Gold Coast, wọ́n sì ní àwọn mọ àjẹ́. Àwọn ìyá àgbà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá ní òun kì í ṣe àjẹ́ yóò mú adìẹ wá. Wọn yóò dú u, bí adìẹ náà bá ṣe ṣubú kú ni ẹjọ́ rẹ̀ yóò ṣe rí. Ẹni tí ó jẹ́wọ́ yóò san owó. Ẹ rò ó wò: ìyá tí ó ti bí ọmọ mẹ́sàn-án, tí ó ti sin mẹ́rin nínú wọn, tí ó wá dúró láàárín ọjà kí adìẹ kan sọ ẹni tí ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú Bíbélì, sọ́dọ̀ obìnrin méjì tí a ti bà lórúkọ jẹ́. Ti Éńdórì ni àkọ́kọ́. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ni ó pè é ní àjẹ́. Ọ̀rọ̀ Bíbélì fúnra rẹ̀ sọ pé ó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Òfin lòdì sí iṣẹ́ rẹ̀, a kò gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba tí ó ṣe òfin náà ni ó pa aṣọ dà wá sílé rẹ̀ lóru, nígbà tí Sọ́ọ̀lù sì ṣubú lulẹ̀ láìjẹun, obìnrin yìí ni ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹun, tí ó pa ẹgbọrọ màlúù rẹ̀, tí ó po ìyẹ̀fun, tí ó sì bọ́ ọ.

Èkejì ni Jésébẹ́lì. Ní 2 Àwọn Ọba 9:22, Jéhù pe iṣẹ́ rẹ̀ ní àgbèrè àti àjẹ́. Ẹ yẹ gbogbo ìtàn rẹ̀ wò, ẹ kò ní rí ọkùnrin mìíràn tí ó bá lò yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀. Ìbọ̀rìṣà ni Jéhù ń pè bẹ́ẹ̀, bí àwọn wòlíì ti máa ń ṣe. Ìyá ọba tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni nígbà tí ó lé tìróò lọ́jọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ọmọbìnrin tí ó bá kun ètè di Jésébẹ́lì, nígbà tí ó bá sì dàgbà a ó sọ ọ́ di àjẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ Jésébẹ́lì gan-an wà nínú 1 Àwọn Ọba 21: ó kọ ìwé sí àwọn àgbà ìlú pé kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké méjì sí Nábótì, kí a lè pa á, kí ọkọ òun lè gba ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ń pe opó ní àjẹ́ nítorí ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ta ni wọ́n jọ?

Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì náà kún fún ìtàn àwọn onídán, ọ̀pọ̀ wọn ọkùnrin. Ní Éfésù, àwọn onídán fúnra wọn kó ìwé wọn tí owó rẹ̀ tó 50,000 fàdákà, wọ́n sì sun ún (Ìṣe 19:19). Ìwé ni ó jóná, kò sí ẹni tí ó jóná. Ní Fílípì, Pọ́ọ̀lù lé ẹ̀mí àfọ̀ṣẹ kúrò lára ẹrúbìnrin kan. Àwọn tí ń fi í pa owó ni inú bí. Olúwa wa pàápàá, ṣé wọn kò ní agbára Béélísébúbù ni ó ń lò (Máàkù 3:22)?

Ní tòde òní, àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú kí àwọn ìyá wa máa rìn lóru, kí wọ́n máa sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n má mọ ọmọ wọn mọ́. Bí a bá na irú ìyá bẹ́ẹ̀ tàbí tí a fi ebi pa á ní ilé ìgbàlà, yóò jẹ́wọ́ ohunkóhun. Dókítà ni ó yẹ kó rí i. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa, abala 210, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ènìyàn ní àjẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Keje 2021, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò láti tako ìyà tí a fi ń jẹ àwọn tí a fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn. Bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ ní àyíká yín, kí olórí kíláàsì àti ìyá méjì mìíràn lọ sílé náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n jókòó ti ìyá náà, kí wọ́n bá a jẹun níṣojú àwọn aládùúgbò, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí àlùfáà.

Fún ìjíròrò: Ní 1 Àwọn Ọba 21, àwọn àgbà ìlú mọ̀ pé irọ́ ni; kí ni wọ́n bẹ̀rù tí wọn kò fi sọ̀rọ̀? Ta ni ìyá tí a kì í bẹ̀ wò ní àdúgbò wa nítorí ohun tí a gbọ́ nípa rẹ̀, ta ni ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́?