Àgbàrá Òjò àti Ìlera Ìdílé: Ẹ Wo Bí Ilẹ̀ Ṣe Rí Yí Ilé Yín Ká

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé omi tó ń ba ògiri jẹ́, tó ń mú kí yàrá máa tutù, tó sì ń fa àìsàn sí ọmọ lára, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi òjò nìkan. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀ sí ìhà ilé, omi yóò wá sí ilé. Bí ó bá dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé, omi yóò bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ NÍ Ọ̀TỌ̀-ÀWÓRÌ

Láti Ọ̀jọ́ dé Òkòkòmáíkò, Ìbà àti Ìjànikin, ọ̀sà àti ilẹ̀ irà kò jìnnà sí wa. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, ní ọ̀pọ̀ ibi kò sì ga púpọ̀ ju omi ọ̀sà lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbẹ́ kànga fi máa ń tètè kan omi. Ìgbà méjì ni òjò máa ń pọ̀ jù lọ́dún: láti oṣù kẹfà sí oṣù keje, àti láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Nígbà náà, ilẹ̀ ti mu omi yó, kò sì ní àyè fún òmíràn mọ́. Òjò ńlá ti ọjọ́ 10, oṣù keje, ọdún 2011, gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn ní Èkó. A kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun máa ń kó yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì tún títì ṣe, ó lè ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé tó ga tẹ́lẹ̀ lè di ìsàlẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, kí àgbàrá àdúgbò sì máa wọ́ wá síbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fọwọ́ kan ohunkóhun.

BÍ OMI ṢE Ń BA ILÉ JẸ́

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí òjò mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí ibi tó jẹ́ mítà 1 ní òòró àti mítà 1 ní ìbú, lítà omi 1 ni. Ká ní òrùlé yín jẹ́ mítà 12 ní òòró àti mítà 10 ní ìbú. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lọ́jọ́ kan, lítà 6,000 ni yóò ṣàn láti orí òrùlé náà. Èyí kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọ̀nà 240! Bí kò bá sí ohun tó ń gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ògiri ni gbogbo rẹ̀ yóò dà sí.

Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yóò gbẹ́ ilẹ̀ di kòtò, kòtò náà yóò sì máa dá omi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù a máa fa omi sókè gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ti ń fa epo. Ògiri yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí tutù láti ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí ohun funfun bí iyọ̀ lára rẹ̀, ọ̀dà yóò máa ṣí, síméńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri yóò sì máa já bọ́. Lẹ́yìn èyí ni ohun dúdú yóò máa hù lára ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Bí àgbàrá bá sì ń wọ́ iyanrìn abẹ́ ìpìlẹ̀ lọ lọ́dọọdún, apá kan ilé lè rì, kí ògiri sì là.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ná owó sórí ọ̀dà tuntun lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kun ògiri láìtún ilẹ̀ ṣe dà bí apẹja tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ láìdí ihò rẹ̀.

EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀ FÚN ÌLERA

1. Ibà: Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri fẹ́ràn láti yé sínú omi òjò tó dúró lójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin náà ti lè di ẹ̀fọn tó ń fò. Aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ibà máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù.

2. Àìsàn inú omi: Bí àgbàrá bá kún ṣáláńgá tàbí sókàwéè, ìdọ̀tí rẹ̀ lè ṣàn wọ inú kànga. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àrùn onígbáméjì ti ń wá. Ní ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an.

3. Èémí: Ògiri tó ń tutù tó sì ń bu máa ń fa ikọ́ àti imú dídí, ó sì máa ń ru ikọ́ fée sókè lára ọmọ tó ní in. Ẹ rántí pé orí ilẹ̀ yìí ni ọmọ tó ń rákòrò wà ní gbogbo ọjọ́.

4. Iná mànàmáná: Bí ògiri tó ní ibi tí a ń ki iná sí bá tutù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná láti orísun rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

BÍ Ẹ Ó ṢE YẸ ILÉ YÍN WÒ

Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà àti lójú fèrèsé, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà. Bí ó bá dá, ẹ yí ilé ká, kí ẹ sì fi òkúta sàmì sí ibikíbi tí omi bá dúró sí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kan èèkàn kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ kan òmíràn sí ibi tó fi ẹsẹ̀ bàtà 10 jìnnà sí i. Ẹ ta okùn láàárín méjèèjì, kí ẹ sì mú un dọ́gba pẹ̀lú rọ́bà omi tí àwọn mọlémọlé ń lò. Ẹ wọn ìwọ̀n tó wà láti okùn dé ilẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ó yẹ kí ti ọ̀nà jíjìn fi íǹṣì 6 ju ti ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. Bí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ yín kò lé omi lọ tó.

IṢẸ́ TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ọkọ́, ṣọ́bìrì àti yẹ̀pẹ̀ ni ó gbà ní ìbẹ̀rẹ̀.

(a) Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ pupa tó ní amọ̀ nínú sí ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ sì lù ú mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ má lo iyanrìn lásán, nítorí pé omi máa ń gba inú rẹ̀ kọjá.

(b) Ẹ má jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ náà ga dé ìpele ilẹ̀ inú yàrá. Ẹ jẹ́ kí ó fi íǹṣì 6 ó kéré tán wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun gan-an ni yóò máa gbé omi wọ ara ògiri.

(d) Ẹ gba omi òrùlé pẹ̀lú páńdọ̀rọ̀ páànù tàbí páìpù, kí ẹ sì darí rẹ̀ sí gọ́tà. Bí ẹ bá gbà á sínú dúrọ́ọ̀mù fún ìfọṣọ, ẹ dé e pa kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀.

(e) Bí omi bá ń wá láti ilẹ̀ tó ga jù yín lọ, ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá sí ààlà ilẹ̀ yín, kí omi náà lè yà kí ó tó dé ilé.

(ẹ) Ẹ má da omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ sí ẹ̀yìn ògiri. Òjò ní àkókò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni omi yìí ń dà.

(f) Bí ẹ bá ń gbálẹ̀ láràárọ̀, ẹ má gbá yẹ̀pẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ ògiri. Ìgbálẹ̀ ọdún púpọ̀ a máa mú ilẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì gbá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sínú gọ́tà.

(g) Ẹ jẹ́ kí kànga fi mítà 30 jìnnà sí sókàwéè níbi tí àyè bá wà. Ẹ mọ ẹnu kànga ga, kí ẹ sì dé e. Bí àgbàrá bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ se omi náà títí yóò fi hó kí ẹ tó mu ún.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣe darí àgbàrá sí ilé aládùúgbò yín. Ìjà ni èyí máa ń dá sílẹ̀, omi náà yóò sì tún padà wá. Bí kò bá sí gọ́tà ní àdúgbò, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onílé, kí gbogbo yín jọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìdàgbàsókè yín, ìbáà jẹ́ ti Ọ̀tọ̀-Àwórì tàbí ti Ìbà.

BÍ Ẹ BÁ JẸ́ AYÁLÉGBÉ

Ìyá mìíràn lè wí pé, “Ilé yìí kì í ṣe tèmi, kí ni mo lè ṣe?” Ẹ má bá onílé jà. Ẹ pè é nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo ẹ̀yìnkùlé. Omi ń dúró síbẹ̀, ó sì ti ń gun ògiri yín.” Bí ó ti ń ba ọmọ yín nínú jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ba dúkìá rẹ̀ jẹ́. Kẹ̀kẹ́ yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sì rọrùn ju àtúnṣe ìpìlẹ̀ lọ. Kí ó tó ṣe é, ẹ fa ibùsùn àwọn ọmọ kúrò lára ògiri tó tutù, ẹ ṣí fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Bí ara ọmọ bá gbóná, tàbí tí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má dúró dé ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌDÍLÉ

1. Níbo ni omi máa ń dúró sí ní àyíká ilé wa lẹ́yìn òjò?
2. Níbo ni omi òrùlé wa ń dà sí?
3. Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ wo kí òjò tó bẹ̀rẹ̀?

Kí Ọlọ́run bá wa dáàbò bo ilé wa. Ṣùgbọ́n kí àwa náà má gbà fún àgbàrá.